Àṣìṣe ilé ìrọwó ni, àbí ìta ló ti gbọgbẹ́? Bí a ṣe ń yẹ owó onírin wò

Ẹni tó bá rí sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà tí lẹ́tà rẹ̀ rí méjì méjì, tàbí kọ́tà (owó sẹ́ǹtì 25) tí apá kan orí Washington ti parẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé owó ńlá ti wọlé. Fídíò tó ń pariwo pé sẹ́ǹtì kan ṣoṣo lè kọ́lé fún ènìyàn kò lóǹkà. Òótọ́ ni pé àwọn owó onírin kan wà tí àṣìṣe ilé ìrọwó sọ di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé wá fún àyẹ̀wò jẹ́ owó tó kàn gbó, tàbí owó tí nǹkan ṣe lẹ́yìn tó ti jáde sígboro. Kò ṣòro láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, bí a bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń rọ owó. Ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi ara yín: níbo nínú ilé ìrọwó ni irú nǹkan yìí ti lè ṣẹlẹ̀? Bí ẹ bá wá ibẹ̀ tì, ìta ló ti ṣẹlẹ̀.

Láti pẹlẹbẹ irin di owó

Wọ́n á kọ́kọ́ gé pẹlẹbẹ róbótó jáde lára irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gígùn, bí ẹni tó ń ṣe míìtì-páì ṣe ń fi ẹnu ife gé ìyẹ̀fun. Ẹ̀rọ kan á yí etí pẹlẹbẹ náà ká, etí á sì ga díẹ̀ ju àárín lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sáàárín òǹtẹ̀ irin méjì, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, pẹ̀lú òrùka irin tó yí i ká kí ó má baà fẹ̀ kọjá ààlà. Òǹtẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Eyín wà nínú òrùka ti dáìmù (owó sẹ́ǹtì 10) àti ti kọ́tà, òun ló ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn: 118 lára dáìmù, 119 lára kọ́tà.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ gbàgbé ni pé gbogbo ohun tó yọ sókè lójú owó, kòtò ni lára òǹtẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá sán, irin owó á wọ inú ibi tó sán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì yọ sókè lójú owó bí iṣan ewé. Bí etí òǹtẹ̀ bá kán kúrò pátápátá, kókó irin aláìlẹ́tà á wà létí owó níbẹ̀. Cud ni àwọn tó ń kó owó jọ ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ìṣó ha owó, ìlà náà á wọlẹ̀, irin tó ṣí nípò á sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ebè. Ẹ gbé e sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ebè náà á hàn. Ìlà tó yọ sókè, ẹ fura sí òǹtẹ̀. Ìlà tó wọlẹ̀, ẹ fura sí ìta.

Gbígbó

Owó máa ń gbó láti òkè wá sílẹ̀. Ibi tó ga jù ló ń kọ́kọ́ fara kan àpò, tábìlì àti owó mìíràn. Lára sẹ́ǹtì Lincoln, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, àti irun tó wà lókè etí ni yóò kọ́kọ́ dán. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́ọ̀tù, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tó sún mọ́ etí. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni, lójú àti lẹ́yìn, kò sì ní ààlà tó mú ṣáṣá. Nítorí náà, bí orí Lincoln bá ti dán pátápátá, tí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ LIBERTY tó wà lójú owó kò sì sí mọ́ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ga, ìyẹn kì í ṣe gbígbó lásán. Ẹ wá ìdí mìíràn.

Lẹ́tà méjì méjì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í, ibí náà sì ni àwọn oníjìbìtì ti ń jẹun.

Òǹtẹ̀ ní ìyá. Ìyá òǹtẹ̀ jẹ́ irin líle tí àwòrán yọ sókè lójú rẹ̀; òun ni wọ́n fi ń tẹ òǹtẹ̀ kí àwòrán lè wọnú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, irin á le, wọ́n á dá a padà sínú iná kí ó rọ̀, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Bí ìyá òǹtẹ̀ bá yà díẹ̀ nígbà kejì, òǹtẹ̀ á gba àwòrán méjì, gbogbo owó tó bá tẹ̀ á sì gbé méjèèjì jáde bákan náà. Doubled die ni orúkọ tí ẹ ó máa rí. Èyí tó lókìkí jù ni sẹ́ǹtì 1955 tí wọ́n rọ ní Philadelphia: ọdún, LIBERTY àti IN GOD WE TRUST rí méjì méjì débi pé ojú lásán rí i. Wọ́n fojú bù ú pé 20,000 sí 24,000 nínú wọn ló bọ́ sígboro. Púpọ̀ nínú rẹ̀ bá ṣéńjì jáde nínú páálí sìgá tí ẹ̀rọ ń tà.

Láti ìparí àwọn ọdún 1990, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi ń ṣe òǹtẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Irú àṣìṣe yìí kò tán, ṣùgbọ́n ó ti kéré, àárín owó ló sì sábà máa ń wà. Ẹni tó bá ní sẹ́ǹtì 2005 òun rí bíi ti 1955, kí ó tún un wò dáadáa.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni yíyọ̀ òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ tí kò dúró ṣinṣin nínú ẹ̀rọ ti tẹ owó tán. Bó ṣe ń gbéra, ó yọ̀ díẹ̀, ó sì ti apá kan lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wálẹ̀. Nínú ilé ìrọwó ló ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó méjì lè má rí bákan náà, ó wọ́pọ̀ púpọ̀, kò sì fi kún iye owó náà.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ mú awò ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ gbé iná kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lókè tààrà, kí ẹ máa fi owó náà fì díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà T nínú LIBERTY. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ ló gba àwòrán méjì, T méjèèjì á yí roboto lójú, gíga wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ibi kékeré tó gé wọlé á sì wà ní igun ibi tí wọ́n ti pínyà, bí ìgbà tí ẹyẹ sọ igi ní ẹnu kan. Lẹ́tà náà lápapọ̀ á fẹ̀ ju ti owó tí kò ní àbùkù lọ. Bó bá jẹ́ yíyọ̀ òǹtẹ̀, èkejì á rẹlẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ̀gùn, á máa dán, lẹ́tà gan-an á sì tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé ara rẹ̀ ni a ti bu apá kan ṣe èkejì. Fífẹ̀ tàbí títín-ín-rín yìí ló ń yanjú ọ̀rọ̀ jù. Ẹ fi sẹ́ǹtì mìíràn ti ọdún kan náà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó gbà.

Ẹ̀kẹta ni òǹtẹ̀ tó ti gbó. Òǹtẹ̀ náà ń gbó, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló ń tẹ irin. Lẹ́tà tó tẹ̀ á wú, etí rẹ̀ á sì rí bàìbàì bí ẹni tó sunkún. Sẹ́ǹtì 1955 kan wà tó jẹ́ pé 5 tó kẹ́yìn nìkan ló ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ń pè é ní ti mẹ̀kúnnù. Òǹtẹ̀ tó gbó ni, kì í ṣe àwòrán méjì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín ní iye ti òkè yẹn.

Ẹ̀kẹrin kan àwọn sẹ́ǹtì onísíńkì nìkan. Nígbà tí òǹtẹ̀ bá fa awọ bàbà tó wà lórí síńkì jù, awọ á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, síńkì aláwọ̀ eérú á sì yọjú bí òjìji. Awọ yìí kan náà ló ń lé ròrò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ rẹ̀. Ròrò náà kò ní iye lórí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìjìbìtì ọlọ́wọ́ wá. Ẹnì kan á kó owó méjì jọ sínú fáìsì, á fún wọn pọ̀, lẹ́tà ọ̀kan á sì wọ ara èkejì. Àmì rẹ̀ ni pé lẹ́tà náà wọlẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn síwájú bí ohun tí a rí nínú dígí. Òǹtẹ̀ tó bá tẹ owó lẹ́ẹ̀mejì á fi lẹ́tà tó yọ sókè, tó sì ṣeé kà síwájú, sílẹ̀ nígbà méjèèjì. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìrọwó kí owó kan lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀, kí ó sì fi àwòrán òdì tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwòrán òdì yẹn máa ń gba ojú owó ni, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì dára bó ṣe yẹ. Ti fáìsì máa ń gùn lé àwòrán tó ti wà tẹ́lẹ̀, ìdàkejì owó náà á sì ti tẹ́.

Lẹ́tà tó sọnù, etí tó kéré

Gírísì àti eruku irin máa ń kó sínú kòtò òǹtẹ̀. Níbi tó bá ti dí, lẹ́tà kò ní jáde. Ibi tí lẹ́tà náà kò sí á dán bí ilẹ̀ owó yòókù, á rọra pòórá láìní ààlà. Bí ẹ bá rí ibi tó jin díẹ̀, tí ìlà ha-ha wà nínú rẹ̀, ọ̀bẹ tàbí ẹ̀rọ ti débẹ̀. Ní 1922, Denver nìkan ló rọ sẹ́ǹtì ní gbogbo Amẹ́ríkà, nítorí náà gbogbo sẹ́ǹtì ọdún yẹn ló yẹ kí ó ní D, lẹ́tà ilé ìrọwó Denver, lábẹ́ ọdún. Àwọn kan jáde láìní in. Èyí tí wọ́n kà sí jù, ẹ̀yìn rẹ̀ hàn kedere pẹ̀lú ọkà wíìtì rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì. Nítorí pé ó wọ́n, àwọn kan ń ha D kúrò lára èyí tó ní in.

Pẹlẹbẹ tí a gé lábùkù náà wọ́pọ̀. Bí irin gígùn náà kò bá sún síwájú tó, ọ̀bẹ ẹ̀rọ á gé pẹlẹbẹ tuntun wọ ihò tó ti gé tẹ́lẹ̀, owó á sì jáde bí àkàrà tí ọmọdé gé jẹ létí. Ẹ má wo ibi tó gé nìkan. Ẹ wo ìdojúkọ rẹ̀ gan-an ní òdì kejì: etí owó á rẹlẹ̀ níbẹ̀, nígbà mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ìdí ni pé nígbà tí ẹ̀rọ ń yí etí ká, kò rí irin tẹ̀ mọ́ níbi tó gé, nítorí náà kò lágbára ní ìdojúkọ. Lẹ́tà tó sún mọ́ ibi tó gé á sì máa fà lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àlùmọ́gàjí tàbí ayùn ló gé e níta, lẹ́tà á gé gbọnrangandan, etí òdì kejì á sì pé pérépéré. Kò sí ẹlẹ́tàn tó lè ṣe etí òdì kejì yẹn ní ìrọ̀rùn.

Owó tí òǹtẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan máa ń ní apá òfìfo tó dán, ó sì máa ń fẹ̀ ju òmíràn lọ torí òrùka kò dì í mú. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ní dín. Èyí tí wọ́n fi òkúta lọ̀ kúrò, ìwọ̀n rẹ̀ dín.

Ẹ tún máa rí owó tó kéré, tí etí rẹ̀ nípọn, tó sì kákò wọ inú débi pé orí lẹ́tà ti wọ abẹ́ rẹ̀. Inú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ló ti wá. Ó há síbẹ̀, ó ń yí fún oṣù tàbí ọdún, etí rẹ̀ ń lu irin. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ohun tí kì í ṣe àṣìṣe rárá

Sẹ́ǹtì Philadelphia kì í ní lẹ́tà ilé ìrọwó. Ọdún 2017 nìkan ni wọ́n fi P sí i. Láti 1965 dé 1967, kò sí owó onírin Amẹ́ríkà kankan tó ní lẹ́tà náà. Nítorí náà "kọ́tà 1965 tí kò ní lẹ́tà" jẹ́ kọ́tà lásán, iye rẹ̀ sẹ́ǹtì 25. Dáìmù 1982 tí kò ní P yàtọ̀, torí pé láti 1980 ni P ti ń wà lára dáìmù Philadelphia; àṣìṣe tòótọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá fi owó Amẹ́ríkà dojú dé láti òkè sí ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Ti Gẹ̀ẹ́sì, láti ọ̀tún sí òsì ni. Àwọn tó ń gbé London tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí sẹ́ǹtì máa ń rò pé ẹ̀yìn rẹ̀ dorí kodò. Àṣà orílẹ̀-èdè méjì ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ owó £2 náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ kí ó tó dé abẹ́ òǹtẹ̀, ẹ̀rọ kò sì bìkítà èwo ló wà lókè. Bí ìdajì á ṣe kọjú sókè ni ìdajì á dorí kodò. Ẹ má san kọ́bọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n 20p (péńsì 20 ti Gẹ̀ẹ́sì) tí kò ní ọdún lójú tàbí lẹ́yìn jẹ́ àṣìṣe gidi. Ní 2008 ni wọ́n yí àwòrán ẹ̀yìn padà, tí wọ́n sì gbé ọdún lọ sójú. Òǹtẹ̀ ojú ti àtijọ́ wá bá òǹtẹ̀ ẹ̀yìn tuntun pàdé, ọdún kò sì sí níbì kankan. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwòrán tuntun, ìyẹn apá kan asà ogun, kí ilẹ̀ ibi tó yẹ kí ọdún wà lójú má sì ní ìlà ha-ha.

Nílé, àwọn ọ̀nìní, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ onihò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣì wà nínú àpótí àwọn ìyá àgbà. Lẹ́tà H tàbí KN lára wọn kì í ṣe àṣìṣe, àmì ilé tó rọ wọ́n ní Birmingham ni. Orúkọ Edward VIII tó wà lára ti 1936 kì í ṣe àṣìṣe pẹ̀lú: wọ́n rọ wọ́n kí ọba náà tó fi oyè sílẹ̀. Ihò ni kí ẹ wò. Ihò ilé ìrọwó ti wà lára pẹlẹbẹ kí òǹtẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà àwòrán yí i ká dáadáa. Tọ́rọ́, sísì tàbí ṣílè kò ní ihò láti ilé ìrọwó. Èyí tó bá ní, ẹnì kan ló lu ú láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ihò yẹn á gé lẹ́tà sí méjì, irin á sì gún ọwọ́ létí rẹ̀.

Òṣùwọ̀n àti òòfà

Awò nìkan kò tó. Ẹ ra òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kò wọ́n. Sẹ́ǹtì bàbà wọn 3.11 g, ti síńkì 2.5 g; ọdún 1982 ni wọ́n yí padà, nítorí náà ọdún yẹn ní méjèèjì. Sẹ́ǹtì 1983 tó wọn 3.1 g jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ gbé lọ fún onímọ̀, torí pé ó lè jẹ́ pẹlẹbẹ bàbà tó ṣẹ́ kù sínú àpò. Kọ́tà wọn 5.67 g, bàbà sì wà láàárín rẹ̀ pẹ̀lú awọ funfun lójú àti lẹ́yìn. Bí awọ kan kò bá sí, ojú kan á pupa, ìwọ̀n á sì wá sí nǹkan bí 4.7 g. Kọ́tà pupa tó ṣì wọn 5.6 g, ilẹ̀ tàbí kẹ́míkà ló pa á láwọ̀ dà.

Sẹ́ǹtì 1943 jẹ́ irin tí wọ́n fi síńkì bò, torí ogun ń gba bàbà. Díẹ̀ péré ló ṣèèṣì jáde ní bàbà, ìyẹn sì ni gbogbo ayé ń wá. Ẹ fi òòfà kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n pa láwọ̀ bàbà ni. Bí kò bá lẹ̀, ẹ má tíì jó: wọ́n máa ń fá 8 ti 1948 di 3. Ìrù 3 ti 1943 tòótọ́ gùn, ó sì sọ̀kalẹ̀ kọjá ìdí àwọn nọ́ńbà yòókù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ owó tí ẹ bá fura sí. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, ọṣẹ eyín àti kànìnkànìn tó ń mú ìkòkò tàn yóò ha ojú rẹ̀, yóò sì jẹ ìdán tí òǹtẹ̀ fi sí i. Owó tó dọ̀tí ní iye ju owó tí a bó lára lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi ìka dì mú.

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi PCGS àti NGC máa ń yẹ owó wò, wọ́n á sì dì í sínú ike pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó iṣẹ́, wọn kì í sì í dá owó iṣẹ́ náà padà bó bá jẹ́ ọgbẹ́ ìta ni. Kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ iná ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú owó tí kò ní àbùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi hàn àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá PVC, torí ó máa ń tu omi aláwọ̀ ewé tó ń jẹ bàbà. Páálí kékeré tó ní fèrèsé ọ̀rá Mylar ló dára. Kí ẹ kọ ọdún, ìwọ̀n rẹ̀, àti ibi tí ẹ fura sí sí ara páálí náà kí owó tó wọ inú rẹ̀.